Kí ẹ tó kọ ilé yín sórúkọ kọ́ńpánì l'Ékòó: owó orí tó rọ̀ mọ́ ọn àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ọjọ́ tí ẹ bá ti kọ ilé yín sórúkọ kọ́ńpánì, ẹ ti tà á nìyẹn. Ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni gbogbo ṣíà inú kọ́ńpánì náà, ìbáà jẹ́ pé ibùsùn yín kò kúrò níbi tó wà ní Surulere, òfin kò mọ ìyẹn. Kọ́ńpánì tí CAC (iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ kọ́ńpánì sílẹ̀) bá ti fún ní nọ́ńbà RC, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ti di ẹni ọ̀tọ̀: ó lè ra ilé, ó lè jẹ gbèsè, ó tiẹ̀ lè pe ẹni tó dá a sílẹ̀ lẹ́jọ́. Ojú tí àwọn ará Alausa, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, fi ń wò ó nìyẹn, ojú kan náà sì ni àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ fi ń wò ó. Gbogbo owó tí a fẹ́ kà sílẹ̀ níbí, inú ọ̀rọ̀ kan yìí ló ti ń jáde: ẹ tà, ẹlòmíì rà.

Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní Houston kò bá ti ibí mu. LLC, irú kọ́ńpánì kan ní Amẹ́ríkà, bó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, dà bíi gíláàsì lójú IRS, agbowó orí wọn. Ẹni tó ni ín ni wọ́n ń rí, àyàfi bí onítọ̀hún bá fúnra rẹ̀ yàn pé kí wọ́n máa gba owó orí kọ́ńpánì lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbígbé ilé sínú rẹ̀ kì í fi í sábà fa owó orí lọ́hùn-ún. "Limited" tiwa kì í ṣe gíláàsì, ògiri ni. Ẹ̀rù owó orí ogún náà, ẹ gbé e sílẹ̀: Nàìjíríà ti fagi lé Capital Transfer Tax láti ọdún 1996. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń lé yín lọ sí CAC, ẹ jókòó.

Ta ló wá yẹ kó ṣe é? Ẹ jẹ́ ká mú ilé ayálégbé kan ní Yaba, tí ọmọ ìyá mẹ́rin jọ ni. Ṣíà rọrùn láti pín ju yàrá lọ, ẹni tó bá fẹ́ jáde á ta ṣíà tiẹ̀ fún àwọn yòókù láìjẹ́ pé wọ́n ta ilé. Ilé short-let, tí wọ́n ń fi háyà fún ọjọ́ díẹ̀, náà yẹ bẹ́ẹ̀, torí bí àlejò bá yọ̀ ṣubú létí odò ìwẹ̀ tó sì pẹjọ́, inú kọ́ńpánì ni ẹjọ́ náà yóò mọ (bẹ́ẹ̀ sì ni, bí báńkì bá ti ní kí dáírẹ́kítọ̀ fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró gbèsè, ààbò yẹn ti jò). Ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń sùn sí, èrè rẹ̀ kì í sábà tó owó tí ẹ óò ná lé e. Ilé tí ẹ kò tíì rà ńkọ́? Kí kọ́ńpánì rà á látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà san owó ìwé lẹ́ẹ̀mejì.

Owó tí Alausa ń gbà

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978, Land Use Act, sọ ní abala 22 pé ẹni tó ní ilẹ̀ lábẹ́ ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láìgba àṣẹ gómìnà. Abala 26 ní ìwé tí kò ní àṣẹ yẹn, òfo ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo. Nítorí náà, deed of assignment (ìwé tí wọ́n fi ń gbé ilé fún ẹlòmíì) tí ẹ bá fọwọ́ sí, tí ẹ wá tì bọ inú dúrọ́ọ̀ torí pé "kọ́ńpánì mi náà ni," kò tíì gbé ilé dé ibì kankan.

Láti 2015 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ owó Governor's Consent di 3% iye ilé. Bí wọ́n ṣe pín in nìyí: 1.5% fún àṣẹ gómìnà, 0.5% fún capital gains tax (owó orí èrè dúkìá), 0.5% fún stamp duty (owó òǹtẹ̀ ìwé), 0.5% fún ìforúkọsílẹ̀. Àwọn owó kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí owó Form 1C (fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè àṣẹ náà) àti owó charting (yíyẹ survey wò lórí máàpù ìjọba).

Iye ilé tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe iye tí ẹ kọ sínú deed. Valuer ìjọba, ẹni tó ń díye lé ilé, ni yóò gbé e kalẹ̀, wọ́n sì lè wá wo ilé náà. Ẹ kọ ₦1 sínú ìwé bí ẹ bá fẹ́, wọn ò ní bá yín jà, wọ́n á kàn fi iye ọjà ṣírò. Òfin owó orí náà kò yàtọ̀: bí ẹni tó tà àti ẹni tó rà bá jẹ́ ara kan náà, iye ọjà ni wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ní Ilupeju ṣe àpẹẹrẹ, ká máa mú un rìn dé ìparí. Wọ́n rà á ní ₦45 mílíọ̀nù, wọ́n fi ₦15 mílíọ̀nù kọ́ bọ́ìsì kọ́tà àti àjà kan sí i, risíìtì gbogbo rẹ̀ sì wà. Valuer ìjọba wá gbé e lé ₦280 mílíọ̀nù. 3% rẹ̀ jẹ́ ₦8.4 mílíọ̀nù: ₦4.2 mílíọ̀nù fún àṣẹ, ₦1.4 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta tó kù. A ò tíì ka owó lọ́yà àti ti valuer tiyín, tí VAT 7.5% máa ń gorí rẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ fúnra wọn kò ní VAT.

Èrè orí ilé: ibi tí owó ńlá wà

Nigeria Tax Act 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, ó sì yí ìṣirò àtijọ́ padà. Tẹ́lẹ̀, 10% ni èrè orí dúkìá, fún èèyàn àti fún kọ́ńpánì. Ní báyìí, èrè tí èèyàn bá jẹ lórí ilé ń wọ inú owó tó ń wọlé fún un lọ́dún náà, ó sì ń gun àkàsọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò san nǹkan kan. ₦2.2 mílíọ̀nù tó tẹ̀lé e san 15%, ₦9 mílíọ̀nù san 18%, ₦13 mílíọ̀nù san 21%, ₦25 mílíọ̀nù san 23%, ohun tó bá sì lé ní ₦50 mílíọ̀nù san 25%.

Ká ní ilé Ilupeju yẹn jẹ́ ilé ayálégbé. ₦280 mílíọ̀nù, ẹ yọ ₦60 mílíọ̀nù tí wọ́n fi rà á tí wọ́n sì fi tún un ṣe, èrè ku ₦220 mílíọ̀nù. ₦50 mílíọ̀nù àkọ́kọ́ yóò san ₦10.43 mílíọ̀nù, ₦170 mílíọ̀nù tó kù ní 25% jẹ́ ₦42.5 mílíọ̀nù. Àpapọ̀ rẹ̀: ₦52.93 mílíọ̀nù. Bí olówó ilé bá tún ń gba owó oṣù, ó lé díẹ̀ sí i, torí owó oṣù náà ti jókòó sórí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ tún wò ó pé kò sí ẹni tó kó owó lé e lọ́wọ́: ṣíà ló gbà, tàbí ìwé pé kọ́ńpánì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Owó orí tí ẹ óò fi owó gidi san, lórí títà tí kò mú owó gidi wá, ìyẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ má rò pé 0.5% tó wà lórí demand notice Alausa, ìwé tí wọ́n fi ń bèèrè owó, ti parí ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà ìwé nìyẹn. Inú return (ìwé ìṣirò owó orí) ọdọọdún tí ẹ ń kó lọ fún LIRS, agbowó orí ìpínlẹ̀ Èkó, ni èrè náà yóò ti jáde. Kí akáúńtáǹtì yín kọ lẹ́tà sí LIRS kí ẹ tó fọwọ́ sí deed, kí ó fi ìṣirò rẹ̀ sínú lẹ́tà náà, kí ó sì bèèrè bí 0.5% yẹn yóò ṣe wọ inú rẹ̀. Ìdáhùn orí ìwé ni kẹ́ ẹ gbà. Èyí tí wọ́n sọ fún yín lẹ́nu ní kọ́ńtà, afẹ́fẹ́ lásán ni.

Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé ńkọ́? Òfin ṣàánú níbẹ̀. Ilé tí èèyàn fi ṣe ibùgbé, pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká tí kò ju éékà kan lọ, kì í san owó orí lórí èrè rẹ̀ bó bá tà á. Àmọ́ òfin tuntun fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó yẹ kẹ́ ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Ẹni tó bá lo àǹfààní yẹn láti ta ilé fún kọ́ńpánì ara rẹ̀ dà bí ẹni tó fi àgbò iléyá se ọbẹ̀ ọjọ́ Tuesday. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé fún àlejò, tí owó gidi fẹ́ wọlé, àǹfààní ti tán. Kọ́ńpánì kò sì ní tiẹ̀, torí èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni òfin fún.

Lẹ́yìn tí kọ́ńpánì bá ti gba ilé

Kọ́ńpánì kékeré ń san 0%, àwọn yòókù ń san 30%, lórí èrè òwò àti lórí èrè dúkìá, wọ́n sì tún ń san development levy 4%. Àwọn tó ń ta kọ́ńpánì fún èèyàn máa ń pariwo 0% yẹn dáadáa. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé owó tó ń wọlé lọ́dún nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń mọ kọ́ńpánì kékeré. Àpapọ̀ dúkìá tó fìdí múlẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ₦250 mílíọ̀nù lọ pẹ̀lú. Ilé Ilupeju wa jẹ́ ₦280 mílíọ̀nù. Òun nìkan ti ta kọ́ńpánì náà kúrò láàárín àwọn kékeré kí ayálégbé kan tó san kọ́bọ̀. Ẹ má sì torí èyí kọ ₦240 mílíọ̀nù sínú ìwé kọ́ńpánì. Iye tí valuer ìjọba gbé e lé ti wà nínú fáìlì Alausa.

Ká ní kọ́ńpánì náà wá ta ilé yẹn ní ₦400 mílíọ̀nù lọ́jọ́ iwájú. ₦280 mílíọ̀nù ló fi rà á, èrè jẹ́ ₦120 mílíọ̀nù, 30% rẹ̀ jẹ́ ₦36 mílíọ̀nù. Lẹ́yìn náà, owó náà ṣì wà nínú kọ́ńpánì. Bí ẹ bá fẹ́ kó o jáde gẹ́gẹ́ bíi dividend, èrè tí kọ́ńpánì ń pín fún àwọn tó ni ṣíà, wọ́n á yọ 10% withholding tax, owó orí tí wọ́n ń yọ kí owó tó dé ọwọ́ yín. Bó bá jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lórí ilé náà, tó sì jẹ́ ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé, tí ẹ kò sì tíì lo àǹfààní ẹ̀ẹ̀kan láyé yẹn, odo ni owó orí èrè náà ì bá jẹ́.

Bí dáírẹ́kítọ̀ bá ń gbé inú ilé kọ́ńpánì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lè ka ibùgbé náà mọ́ owó iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gba owó orí lórí rẹ̀. Bí ayálégbé bá jẹ́ kọ́ńpánì, yóò yọ 10% kúrò nínú owó ilé kó tó san án. Kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀rí withholding tax lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tí kò ní ìwé yẹn kò ní rí owó náà yọ nínú tiẹ̀ lópin ọdún.

Land Use Charge, owó ọdọọdún tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilé, náà wà ńlẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2020 gbé e lé 0.0394% fún ilé tí olówó rẹ̀ ń gbé, 0.132% fún èyí tí olówó ilé àti ayálégbé jọ ń gbé, 0.394% fún èyí tí olówó rẹ̀ kò gbé àti fún ilé òwò. Lórí ₦100 mílíọ̀nù iye tí wọ́n fi ṣírò, ìyẹn ni ₦39,400, ₦132,000, àti ₦394,000 lọ́dún, kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó kankan. Olówó ilé ti di kọ́ńpánì báyìí, kọ́ńpánì kì í sì í sùn. Ẹ múra pé wọ́n lè gbé yín láti ìlà àkọ́kọ́ lọ sí ìlà ìkẹta, ìlọ́po mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lè kọ̀wé takò ó, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí sí i pé ibùgbé ni, kì í ṣe òwò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba tó ni ilẹ̀. Ìwé ilé ní Osborne, 1004, Festac àti apá kan Ikoyi lè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ilé gbígbé lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń fọwọ́ sí irú rẹ̀, kì í ṣe Alausa, 3% tí a sọ lókè kò sì kàn án. Ẹ wo orí C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba fún yín): orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, gómìnà ni àbí mínísítà, ló máa sọ fún yín.

Lẹ́yìn èyí, kí lọ́yà ṣe search ní Land Registry, kí ó rí i pé kò sí gbèsè báńkì tàbí ẹjọ́ lórí ilé. Bí mortgage bá wà níbẹ̀, báńkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun gbà. Ẹni tó bá yọ́ ilé kúrò lábẹ́ báńkì lè jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kó san gbogbo gbèsè lẹ́ẹ̀kan. Kí survey náà lọ sí Office of the Surveyor-General fún charting.

Kọ́ńpánì fúnra rẹ̀ rọrùn. Òfin CAMA 2020 gba ẹnì kan láàyè láti dá a sílẹ̀, ṣíà tó kéré jù sì jẹ́ ₦100,000. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ni bí kọ́ńpánì yóò ṣe "san" owó ilé. Bó bá fi ṣíà ₦280 mílíọ̀nù san án, ẹ óò mú iye ṣíà ga sókè ní CAC, owó CAC àti stamp duty á sì ga pẹ̀lú rẹ̀, ẹ sì nílò valuer tó dá dúró, torí kì í ṣe owó ni wọ́n fi ra ṣíà náà. Bó bá jẹ́ pé gbèsè lẹ kọ ọ́ sí, kọ́ńpánì jẹ yín ní ₦280 mílíọ̀nù, ẹ lè máa gba owó yín padà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ dividend. Lójú tiwa, ọ̀nà gbèsè ló dáa jù fún ọ̀pọ̀ ìdílé, bí wọ́n bá kọ àdéhùn rẹ̀ sílẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu.

Deed wá kàn. Lọ́yà ni kó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni dáírẹ́kítọ̀, ẹ̀yin lẹ óò fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó tà, ẹ̀yin náà lẹ óò fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńpánì. Kò burú, àmọ́ ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìpinnu board tó gbà pé kí kọ́ńpánì ra ilé náà gbọ́dọ̀ ní déètì tó ṣáájú ti deed.

Ìwé tó ń bá Form 1C wọlé: C of O tàbí ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí, ẹ̀dà deed àti survey mẹ́rin-mẹ́rin, risíìtì Land Use Charge, tax clearance ẹni tó ń tà, ìwé CAC àti memart (ìwé òfin inú) kọ́ńpánì, tax clearance àwọn dáírẹ́kítọ̀, fọ́tò pélébé, àti àṣẹ ìkọ́lé. Kọ́ńpánì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé kò lè ní tax clearance ọdún mẹ́ta. Ìwé CAC rẹ̀ àti tax clearance àwọn dáírẹ́kítọ̀ ló ń dúró fún un.

Ohun tó sábà ń dá fáìlì padà kì í ṣe nǹkan ńlá. "Adébáyọ̀" ló wà lórí C of O, "Bayo" lórí NIN. Ọkọ àti ìyàwó ló jọ ni C of O, ọkọ nìkan fọwọ́ sí deed. Gbèsè Land Use Charge ọdún mẹ́rin ṣì wà ńlẹ̀. Èyí tó ń gba owó jù ni àjà kejì tí wọ́n kọ́ láìgba àṣẹ. Ẹ yanjú ìyẹn kí valuer tó dé, torí ohun tó bá rí lójú náà ni yóò kọ.

Lẹ́yìn demand notice, ẹ sanwó, ẹ kó risíìtì padà, kí wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ, kí deed gba stamp, kó sì wọ ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ stamp yìí ní kọ́nà. Stamp láàárín èèyàn sí èèyàn, ìpínlẹ̀ ló ń gbà á. Bí kọ́ńpánì bá ti wà nínú rẹ̀, òfin ní ti ìjọba àpapọ̀ ni. Síbẹ̀, 0.5% stamp duty ṣì wà lórí ìwé tí Alausa ń gbé fún yín. Kí lọ́yà yín yanjú ẹni tó yẹ kó lu stamp kí ẹ tó sanwó, nítorí ilé ẹjọ́ lè kọ̀ láti gba deed tí stamp rẹ̀ kò tọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ọjọ́ tí ẹ bá sì nílò deed nílé ẹjọ́ kì í ṣe ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá stamp.

Ẹ yí orúkọ padà lórí Land Use Charge, lórí ìwé insurance, lórí mítà iná, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí àwọn ayálégbé pé kọ́ńpánì ni kí wọ́n máa sanwó fún, sínú àkáǹtì kọ́ńpánì. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì: bí owó ilé bá ṣì ń wọ àkáǹtì ara yín, ẹni tó bá pẹjọ́ lè sọ pé kọ́ńpánì náà kò sí, orúkọ lásán ni.

Lọ́dọọdún, annual return ń lọ sí CAC, return owó orí sì ń lọ sí Nigeria Revenue Service, agbowó orí ìjọba àpapọ̀, láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn òpin ọdún ìṣirò kọ́ńpánì. Ẹni tó bá pẹ́ ń san ìtanràn ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e, ìbáà jẹ́ pé ilé náà ṣófo látìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́ sórúkọ kọ́ńpánì.